Ẹrù Ọ̀nà: Ohun tí Àwọn Arìnrìn-àjò Dì Kúrò ní Àgbádárìgì, 1825 sí 1846

Nínú ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ tí Òyìnbó kan gúnlẹ̀ àti ọjọ́ tí ó dé ibi tí ó ń lọ ni a sábà máa ń rí kà. Ohun tí ó dì sínú ẹrù rẹ̀, ẹni tí ó ru ẹrù náà, ibi tí ó sùn ní òru àkọ́kọ́ àti ohun tí ó tẹ́ sùn, ìwọ̀nyí kì í sí níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá bèèrè wọn, a ó wí fún un pé ọ̀ràn kékeré ni. Èmi kò gbà pé ọ̀ràn kékeré ni. Láàrin ọdún 1825 sí ọdún 1846, ó kéré tán ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò márùn-ún tí orúkọ wọn kò parẹ́ nínú ìtàn ilẹ̀ wa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrìn wọn ní Àgbádárìgì, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Badagry, tí wọ́n sì kọjú sí òkè. Àwọn kan nínú wọn kú kí oṣù kan tó pé. Àwọn kan dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì padà wá ròyìn. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ó di dandan kí a tú ẹrù wọn wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Etí ọ̀sà ni Àgbádárìgì wà, kì í ṣe etí òkun gan-an. Ilẹ̀ iyanrìn tí ó gùn bí okùn ni ó wà láàrin ìlú náà àti òkun. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun ní láti la ìgbì kọjá nínú ọkọ̀ kékeré, kí ó rìn nínú iyanrìn, kí ó sì tún wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà kí ó tó dé ìlú. Bí ó bá ń lọ sí òkè, ọkọ̀ ni yóò tún wọ̀. Lẹ́yìn omi ni irà, lẹ́yìn irà ni igbó, tí ọ̀nà inú rẹ̀ kò gbà ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, títí a ó fi dé ìhà Ìlaró àti Ìjànná, níbi tí igbó ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó di ọ̀dàn. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kò lè gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹṣin pàápàá kì í pẹ́ nínú igbó náà, nítorí irù, kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó sì ń kó àrùn ràn án, kì í jẹ́ kí ó pẹ́ láyé. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́, tí ẹ̀rù wọn ba gbogbo ọ̀dàn, mọ èyí dáradára. Nítorí náà, orí ènìyàn ni ọkọ̀ ilẹ̀ yìí, ohunkóhun tí a bá sì fẹ́ gbé ní láti bá orí mu.

Àwọn tí wọ́n mọ ìṣirò yìí ju gbogbo ènìyàn lọ ni àwọn aláàárù àti àwọn alájàpà, àwọn obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Clapperton fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ayaba Aláàfin pàápàá wà lójú ọ̀nà níbi gbogbo, tí wọ́n ń ru ẹrù tí wọ́n sì ń ṣòwò bí obìnrin yòókù. Ó yà á lẹ́nu. Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó ya àwa lẹ́nu. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni irú ohun èlò tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ń ṣe fún ìrìn àjò, nítorí wọn kò rà á ní ilé ìtajà kankan.

Òṣùká ni àkọ́kọ́. Akísà tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni a ń lọ́ bí okùn, tí a ó ká a yípo, tí a ó sì fi orí rẹ̀ há abẹ́ ìdí rẹ̀ kí ó má baà tú. Àlàfo àárín rẹ̀ ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà. Kì í jẹ́ kí ẹrù tẹ àtàrí. Yíká orí ni ó ń pín ìwúwo náà sí, ó sì ń gba ìdí igbá tàbí ìkòkò tí kò tẹ́ mú kí ó má baà yí. Òṣùká tí ó bá tóbi jù a máa yẹ̀, èyí tí ó bá kéré jù a sì máa dun ọrùn. Nítorí náà ẹni tí yóò lò ó ni ó ń ká a, kì í sì í ṣe ohun tí a ń yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ìrìn ọjọ́ púpọ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ko ìwé rẹpẹtẹ jọ lórí òwò ẹrú, òwò epo àti òwò iyọ̀ ní etíkun yìí, tí wọn kò kọ ìlà kan ṣoṣo nípa òṣùká, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ìdì iyọ̀ kan tí ó dé Ọ̀yọ́-Ilé láìsí i.

Lẹ́yìn òṣùká ni agbọ̀n. Ẹ̀yìn imọ̀ ọ̀pẹ ni a ń là sí tẹ́ẹ́rẹ́, tútù ni a sì ń hun ún, nítorí bí ó bá ti gbẹ a máa dá. A ń fi ewé tẹ́ inú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ iyọ̀ ni a fẹ́ kó, iyọ̀ tí àwọn ará etíkun ń sè láti inú omi òkun, nítorí ọ̀rinrin díẹ̀ ni yóò sọ ọjà náà di omi tí yóò máa kán sí ọrùn aláàárù. Lórí agbọ̀n ni a ń di ẹní ìko mọ́. Igi ògùrọ̀ pọ̀ nínú irà gbogbo agbègbè Àgbádárìgì, nítorí náà ìko kò wọ́n níbẹ̀. Ẹní yìí jẹ́ ibùsùn ní òru, ìbora bí otútù bá dé, òrùlé bí òjò bá ká ènìyàn mọ́ ojú ọ̀nà. Kèǹgbè ni a ń pọn omi sí: ó fúyẹ́ ju ìkòkò lọ, kì í tètè fọ́, a sì máa ń fi okùn hun àwọ̀n sí i lára kí a lè fi kọ́ èjìká tàbí ẹ̀ka igi. Èlùbọ́, àgbàdo sísun, àádùn, ẹja gbígbẹ láti inú ọ̀sà ni oúnjẹ. Ẹni tí ó bá sì ní owó lọ́wọ́ yóò ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á ní ibùsọ̀. Irin, akọ òkúta àti owú gbígbẹ ni a fi ń dá iná. Ìhá ọ̀pẹ ni a fi ń ṣe ògùṣọ̀.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò tí ì dárúkọ àgọ́. Wọn kì í gbé e. Àdá ni ilé wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ibi tí kò sí ìletò, wọn a gé igi tí ó ní pàǹtí, wọn a ri ín mọ́lẹ̀, wọn a fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ewé gbọ́dọ̀gí bo orí rẹ̀, ilé ti dé nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ tí igi àti ewé ti wà lọ́wọ́, òpè ni yóò gbé ilé rù.

Owó náà jẹ́ ẹrù. Ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ, èyí tíí ṣe 20,000, wúwo tó nǹkan bí pọ́n-ùn 50 bí ó bá jẹ́ ẹyọ kékeré àtijọ́, ẹrù ènìyàn kan gbáko sì ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó ẹyọ nìkan rìn ìrìn oṣù mẹ́fà yóò wá aláàárù tí yóò ru owó, yóò wá owó tí yóò fún aláàárù náà, yóò sì tún wá ẹni tí yóò ru owó tí ó fẹ́ fún un. Ìdí nìyí tí gbogbo arìnrìn-àjò fi ń wá ohun kékeré tí ó níye lórí, èyí tí wọn yóò máa tà díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Nínú yíyan ohun kékeré wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣìnà, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1825, Hugh Clapperton wọ ọkọ̀ ogun Brazen ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Áfíríkà. Láti Tripoli ni ó ti la aṣálẹ̀ já nígbà àkọ́kọ́, ó dé Borno, ó sì dé Sókótó ní ọdún 1824, níbi tí Sultan Bello ti gbà á ní àlejò. Ṣùgbọ́n ràkúnmí ni ó ru ẹrù rẹ̀ nígbà náà, ràkúnmí kì í sì í béèrè ìdí tí àpótí fi pọ̀. Nígbà tí ó dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, Captain Pearce àti Dókítà Morison wà pẹ̀lú rẹ̀, àti Richard Lander ìránṣẹ́ rẹ̀, àti Abú Bákárì, ọmọ Hausa tí àwọn atukọ̀ ń pè ní Pasko, ẹni tí yóò jẹ́ ògbufọ̀ wọn. Dókítà Dickson ti sọ̀ kalẹ̀ ní Whydah láti gba ilẹ̀ Dàhòmì lọ. Kò sí ẹni tí ó tún fi ojú kàn án mọ́. Oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan, Houtson, bá àwọn yòókù lọ láti fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ẹ̀bùn fún àwọn ọba, ìbọn, ẹ̀tù, àpótí oògùn, ohun èlò ìwọ̀n ojú ọ̀run, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní, wọ́n sì ní ibùsùn tí a ń ká jọ pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣí. Ní òru àkọ́kọ́, etí omi ni wọ́n sùn sí, nínú afẹ́fẹ́ gbangba. Ní òru kejì, àárín ọjà ìletò kan ni, láìsí ibùsùn, nítorí pé ẹrù kò tí ì bá wọn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ibà ti dá Clapperton dùbúlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn yòókù. Pearce kú ní ọjọ́ 27 oṣù náà, Morison pẹ̀lú sì kú ní ọjọ́ kan náà nígbà tí ó ń gbìyànjú láti padà sí etíkun. Ogún ọjọ́ péré ni.

Nígbà tí a tẹ ìwé ìrìn àjò náà jáde ní ọdún 1829, òru méjì yìí ni a di ẹ̀bi rù: ìrì ni ó pa wọ́n, àìní àgọ́ ni. Láti ìgbà náà ni ìwé lẹ́yìn ìwé ti ń tún un sọ. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, pàápàá lẹ́yìn tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ lọ sùn sí abẹ́ igi àgbọn ní etíkun Àgbádárìgì ní àkókò ìsinmi kan. Àgọ́ aláṣọ ni a gbé lọ, èyí tí a rà ní Èkó tí ẹni tí ó tà á búra pé omi kò lè wọ̀. Omi kò wọ̀ ọ́ láti òde lóòótọ́. Láti inú ni ó ti ń kán, èémí àwa mẹ́sàn-án tí kò rí ibi jáde. Ní òwúrọ̀ ìyá kan tí ó jẹ́ Ègùn rí wa bí a ti ń sá aṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì yá wa ní ẹní ìko méjì fún òru kejì. Orí ẹní wọ̀nyẹn nìkan ni a ti sùn gbẹ. Nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ ìrì ṣeré.

Ṣùgbọ́n ìrì kọ́ ni ó pa Pearce àti Morison. Láti ọdún 1897, nígbà tí Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà, ni a ti mọ ibi tí ibà ti ń wá. A sì mọ̀ pẹ̀lú pé láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn bá jẹ ènìyàn títí di ọjọ́ tí ibà yóò fara hàn, kì í sábà dín ní ọjọ́ méje. Ẹ jẹ́ kí a wá ka ọjọ́ wọ̀nyí. Òru méjì tí wọ́n sùn sí gbangba jẹ́ ti ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá. Ibà ti mú Clapperton kí ọjọ́ méje tó kọjá lẹ́yìn wọn. Ìbà yẹn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà: bóyá nínú ọ̀sẹ̀ kan tí ó lò nínú ilé ní Àgbádárìgì, lábẹ́ òrùlé, lórí ibùsùn rere, tàbí ní èbúté mìíràn tí ọkọ̀ wọn ti yà. Àgọ́ tí ó dára jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìbá má gbà á sílẹ̀. Ohun tí ìbá gbà á sílẹ̀ ni àwọ̀n ẹ̀fọn, èyí tí wọn kò mọ ìwúlò rẹ̀ fún ọ̀ràn yìí, àti kuiníìnì tí à ń lò ṣáájú kí àìsàn tó dé. Àwọn ará Faransé ti yọ kuiníìnì jáde láti inú èèpo igi ní ọdún 1820, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1854, nígbà tí Baikie tu ọkọ̀ Pleiad gòkè odò Ọya tí kò sì sí Òyìnbó kan tí ó kú, kí ayé tó gbà pé kí a máa gbé e mì lójoojúmọ́ kí ara tó gbóná.

Ó ṣe pàtàkì kí a tún ọ̀ràn yìí ṣe, nítorí ẹni tí a di ẹ̀bi náà rù ní ìkọ̀kọ̀ ni àwọn aláàárù. Bí ibùsùn kò bá tètè dé, àwọn ni wọ́n pẹ́ lẹ́yìn. Bí ibùsùn kò bá dé ni ikú sì dé, àwọn ni wọ́n pa á. Ìṣirò ọjọ́ fi hàn pé ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé nígbà tí Òyìnbó ń gbọ̀n lórí àkéte tí a fi okùn so mọ́ ọ̀pá, orí àwọn aláàárù kan náà ni ọ̀pá náà wà.

Clapperton kò kú ní ojú ọ̀nà yìí. Ó dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga, ní oṣù Kìíní ọdún 1826, ó sì kọjá lọ sí Kánò àti Sókótó. Níbẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ ti wá di ẹjọ́. Ó ti di ẹ̀bùn fún Bello, ó sì ti di òmíràn fún Shehu ti Borno, ìbọn sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bello àti Borno ń bá ara wọn jagun. Bello gba ti Borno lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò jẹ́ kí ìbọn kọjá lójú rẹ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tá? Ìbànújẹ́ mú Clapperton, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ ọ̀rìn, ó sì kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1827. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbé láti òkè òkun, bí mo bá ní láti yan èyí tí ó san owó ìgbérù rẹ̀, fèrè kékeré tí Lander ń fun ni n ó mú. Kò wúwo, ẹnikẹ́ni kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń kó ènìyàn jọ ní ìlú dé ìlú.

Lander àti Pasko ni wọ́n gbé ìwé olóògbé náà padà sí etíkun. Wọ́n dé Àgbádárìgì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1827, níbi tí àwọn Potogí oníṣòwò ẹrú ti sọ pé amí ni Lander, tí a sì fún un ní májèlé mu láti fi dán an wò. Ó mu ún, ó bì í, kò kú.

Nígbà tí ó tún padà wá pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1830, ènìyàn yóò rò pé ó ti gbọ́n. Ó ti gbọ́n ní apá kan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí 100 pọ́n-ùn fún Richard, wọn kò ṣèlérí kọ́bọ̀ fún John, nítorí náà wọn kò lè dì pọ̀ bí ti Clapperton. Ó bẹ Pasko kí ó tún bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n wọ̀! Àkẹtẹ̀ tí ó fẹ̀ ju agboòrùn lọ, agbádá pupa fòò, ìgbànú, bàtà ńlá àti ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ irú ti àwọn ará Turkey. Wọ́n rò pé báyìí ni àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí ń múra, wọ́n sì rò pé wọn yóò lè rìn láìjẹ́ pé ojú yí sí wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ìlú ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, àkẹtẹ̀ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Àgbẹ̀ àti apẹja etíkun yìí ti ń dé e kí bàbá àwọn Lander tó dé ayé. Agbádá pupa nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún ni n kò lè gbèjà.

Adélé, Ọba Èkó tí a lé kúrò lórí ìtẹ́ tí ó wá tẹ̀dó sí Àgbádárìgì, ni wọ́n ní láti tẹ́ lọ́rùn kí ọ̀nà tó ṣí. Ó mú kí wọ́n kọ ohun tí ó fẹ́ sínú ìwé: aṣọ ológun, ìbọn, ẹ̀tù, idà, àti àpótí irinṣẹ́ káfíńtà. Àwọn òǹkọ̀wé Òyìnbó fi èyí ṣẹ̀sín bí ojúkòkòrò. Ní tèmi, mo rí ọba tí ó wà nínú ìgbèkùn tí ó ń di ẹrù tirẹ̀ fún ìrìn àjò padà sí ilé, ó sì padà sí ilé náà lóòótọ́, ó jọba ní Èkó lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó wàjà ní ọdún 1837.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni wọ́n kúrò. Abẹ́rẹ́ ni olórí ọjà wọn, ọgbọ́n ńlá sì ni: ẹgbẹẹgbẹ̀rún abẹ́rẹ́ kò tó ẹrù ọmọdé, kò sì sí abúlé tí a kì í ránṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ inú ilẹ̀ jìnnà, tí wọ́n sì ń tà á, ni wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú abẹ́rẹ́ náà kò ní ojú. Àwọn tí ó ṣe é ti kọ ọ́ sára ìdì rẹ̀ pé kò sí irú rẹ̀, pé ojú rẹ̀ kò ní já okùn! Wọ́n dà á nù. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, agolo ọbẹ̀ tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán, tí wọ́n kà sí pàǹtírí, ni àwọn ènìyàn ń fẹ́. Wọ́n rí ọkùnrin kan tí ó so tánganran tí ó wà lára agolo náà mọ́ ara rẹ̀ bí ọ̀ṣọ́, ó ń yan kiri, ohun tí a sì kọ sí i ni pé omi ọbẹ̀ tí a sè tí ó ki ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin náà. Ó rí irin tí ń dán tí kò ní ìpẹtà, ó lò ó bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó ra abẹ́rẹ́ aláìlójú ni ó ní ìwé kíkà.

Wọ́n dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Karùn-ún, wọ́n dé Bussa ní oṣù Kẹfà, wọ́n sì bá odò Ọya sọ̀ kalẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá a kó wọn ní ìgbèkùn lójú odò náà, púpọ̀ nínú ẹrù wọn àti apá kan nínú ìwé wọn sì ṣègbé sínú omi. Àwọn méjèèjì yè. Ara Richard ti mọ ilẹ̀ náà díẹ̀, mo gbà; ṣùgbọ́n mo tún rí i pé wọn kì í dúró de ibùsùn tiwọn bí ó bá pẹ́ lẹ́yìn, ilé ìletò ni wọ́n ń wọ̀, orí ẹní onílé ni wọ́n ń sùn, oúnjẹ ọjà ni wọ́n ń rà. Pasko ni ó ń bá onílé sọ̀rọ̀. Bí a bá yọ ọkùnrin yìí kúrò, n kò mọ ohun tí yóò kù nínú ìrìn àjò méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ kò sí lórí òkúta ìrántí kankan tí mo ti rí ní Àgbádárìgì.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ajíyìnrere. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, ó sì dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá; Henry Townsend ti ìjọ CMS tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843. N kò ní pẹ́ lórí ìrìn méjì yìí, nítorí Ṣódẹkẹ́ ni ó ń retí wọn, ọ̀nà sì ṣí. Nígbà tí Townsend padà wá pẹ̀lú Gollmer àti Àjàyí Crowther ní oṣù Kìíní ọdún 1845, Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Oṣù 18 ni wọ́n fi dúró ní Àgbádárìgì kí ọ̀nà tó là. Nígbà tí wọ́n sì máa lọ, ìparí oṣù Keje ọdún 1846 ni, nínú òjò, kí wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ. Ẹni tí ó bá ti rí irà yẹn ní oṣù Keje yóò mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò yan àkókò bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ó ti dúró tí ó ti sú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹrù Crowther. Ó ti rìn láti òkè wá sí etíkun rí, kì í ṣe ní ọ̀nà Àgbádárìgì ṣùgbọ́n sí Èkó, lẹ́yìn tí a kó o ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, ó ṣe àpèjúwe ohun èlò tí a fi dè wọ́n: ẹ̀wọ̀n kan tí ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 36, tí a fi gba inú irin ọrùn gbogbo wọn kọjá, tí a sì fi àgádágodo tì í ní ìpẹ̀kun. Ọmọdé àti àgbà ni ó wà lórí ẹ̀wọ̀n kan náà. Ẹrú kì í di ẹrù àjò. Òun gan-an ni ẹrù. Irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ilé ìpamọ́ ohun àtijọ́ ti ìdílé Mobee ní Àgbádárìgì, bí a bá sì gbé e lé ọwọ́, a ó mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọ́ ti ronú jinlẹ̀ lórí ìwọ̀n rẹ̀: kí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní já, kí ó má sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé kò fi ní lè rìn. Yíyan ohun èlò ni èyí náà.

Ẹrù tí Crowther gbé gòkè ní ọdún 1846 yàtọ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1843, wà nínú iṣẹ́ tí ó ti parí kí ó tó dé Àgbádárìgì, ó sì jẹ́ pé nínú oṣù 18 tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ka ọjọ́, ó ń wàásù ní èdè náà fún àwọn tí ó bá fẹ́ gbọ́. Kò nílò Pasko. Bí ó bá dé ìletò ní alẹ́, ó lè kí baálé bí ọmọ ti ń kí baba, kí ó sì tọrọ ẹní. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ó dé, Àfálà ìyá rẹ̀ rí i ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25.

Ọ̀nà náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ogun gba Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Gollmer kó lọ síbẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òwò náà sì kó lọ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ní ọdún 1896, kò sí ìdí mọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ń lọ sí Abẹ́òkúta láti la irà Àgbádárìgì kọjá. Àgọ́, ibùsùn alákàájọ àti àpótí oògùn àwọn Òyìnbó ti jẹrà. Ní ọjọ́ ọjà Àgbálátà, bí ẹ bá dúró ní etí omi kí oòrùn tó mú, ẹ ó rí àwọn obìnrin tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Kí wọ́n tó gbé agbọ̀n sórí, wọn a kọ́kọ́ tú gèlè tàbí kí wọ́n mú akísà kan, wọn a lọ́ ọ, wọn a ká a lẹ́ẹ̀mejì, wọn a fi orí rẹ̀ há abẹ́ ìdí rẹ̀.